Ìbẹta lọ́wọ́, ewu nílẹ̀: bí a ṣe ń ta ọwọ́ tó lágbára nínú póókà

Ẹ ní 8♠ 8♦ lọ́wọ́. Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀: J♥ 8♥ 7♣. Ìbẹta 8 ti pé. Ẹni tó bá gba ìbejì sọ́wọ́ kì í bá ìkẹta rẹ̀ pàdé nílẹ̀ ju bí ìgbà 12 lọ nínú 100, nítorí náà ayọ̀ yín tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún ilẹ̀ yẹn wò. Àmì ọkàn méjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọkàn méjì lọ́wọ́ ku ẹyọ kan péré kí tirẹ̀ di flush (márùn-ún alámì kan náà). J, 8 àti 7 sì sún mọ́ra: ẹni tó ní 10 pẹ̀lú 9 ti ní straight (márùn-ún tó tẹ̀ léra) ná, ẹni tó ní ọ̀kan nínú méjèèjì ń retí èkejì. Ọwọ́ yín lè jẹ́ èyí tó dára jù lórí tábìlì báyìí, kí káàdì kan ṣoṣo já lulẹ̀ kó sì gba ipò yẹn lọ́wọ́ yín.

Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: lórí ilẹ̀ eléwu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo káàdì tó kàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń retí káàdì, òǹwòran ni. Kó san owó ìwòran, kí owó náà sì ju ohun tí ìrètí rẹ̀ tó lọ. Gbogbo ìyókù jẹ́ ìṣirò iye tí ẹ ó dá lé e, àti ohun tí ẹ ó ṣe tí káàdì burúkú bá jábọ́ lẹ́yìn tó ti sanwó.

Ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Texas Hold'em ni à ń sọ, eré tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas kéde ní ọdún 2007 pé ìlú Robstown ni wọ́n ti bí i. Káàdì méjì lọ́wọ́ oníkálukú, márùn-ún nílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta àkọ́kọ́ ni flop, ìkẹrin ni turn, ìkarùn-ún ni river. Ìbejì ni káàdì méjì tó jọra, ìbẹta ni mẹ́ta. Straight ni márùn-ún tó tò tẹ̀ léra, flush ni márùn-ún alámì kan náà, full house ni ìbẹta pẹ̀lú ìbejì. Straight ga ju ìbẹta lọ, flush ga ju straight lọ, full house ga ju flush lọ.

Owó àárín ni gbogbo ohun tí a ti kó sáàárín tábìlì. Blind kékeré àti blind ńlá ni owó tí ẹni méjì gbọ́dọ̀ fi lélẹ̀ kí wọ́n tó wo káàdì wọn; orúkọ yẹn náà ni a fi ń pe àwọn méjèèjì. Kí ènìyàn “san” ni kó bá ẹlòmíràn dé iye tó fi lélẹ̀. Kó “gbé e sókè” ni kó fi kún un. Kó “kọjá” ni kó má fi nǹkan kan lé e nígbà tí ọ̀rọ̀ kàn án. Kó “jù ú sílẹ̀” ni kó jáwọ́ nínú ọwọ́ yẹn pátápátá.

Ẹ ka ilẹ̀ kí ẹ tó ka owó

Ìbéèrè mẹ́ta ni, wọn kò sì gbọdọ̀ gbà yín ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Àmì mélòó ló jọra nílẹ̀? Káàdì wo ló sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí méjì tó wà lọ́wọ́ ènìyàn fi lè sọ wọ́n di straight? Ṣé ìbejì wà nílẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ọwọ́ tí kò sí èyí tó lè borí rẹ̀ ní àkókò yẹn. Lórí J♥ 8♥ 7♣, 10 pẹ̀lú 9 ni. Ìbẹta J ló tẹ̀ lé e, tiyín ló tẹ̀ lé ìyẹn. Oríṣi ọwọ́ méjì péré ló ń borí yín.

Ẹ wá ka ọ̀nà tí àwọn ọwọ́ yẹn lè gbà wà. Ìkà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò, òun gan-an ló sì ń lé ìbẹ̀rù lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé owó sókè láti ìjókòó iwájú, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń kọ́kọ́ kan ènìyàn, jẹ́ ẹni tó ń yan ọwọ́ kó tó ta. Ìbejì èyíkéyìí ní ọ̀nà 6 tó lè gbà wọ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n J kan ti wà nílẹ̀, nítorí náà ìbejì J ku ọ̀nà 3. 10 pẹ̀lú 9 alámì kan náà jẹ́ ọ̀nà 4. Èyí tí àmì wọn yàtọ̀ jẹ́ 12, ṣùgbọ́n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi í wọlé láti iwájú. Àpapọ̀ ohun tó borí yín: 7.

Ẹ wo òdìkejì. A-A, K-K àti Q-Q, 6 lọ́nà mẹ́ta, 18. A pẹ̀lú J, 12. K-J alámì kan náà, 3; Q-J alámì kan náà, 3. Ìbejì 7 tó ti di ìbẹta lábẹ́ tiyín, 3. Àpapọ̀ ohun tí ẹ borí: 39, a ò sì tíì ka ẹnikẹ́ni tó ń retí flush. 39 sí 7. Ẹni tó bá kọjá nítorí pé “ó lè ní straight” ń sá fún 7, ó sì ń fi 39 sílẹ̀ láìgbowó lọ́wọ́ wọn.

Ìkà yìí yóò yí padà bí ẹni tó wà níwájú yín bá yí padà. Ẹni tó wà ní blind ńlá, tó sanwó pọ́ọ́kú láti wọlé, lè ní 10-9 èyíkéyìí, 9-6, 6-5, J-8, ohun gbogbo. Ìyẹn kò ní kí ẹ má fi owó lélẹ̀. Ó kàn ní kí ẹ má yà lẹ́nu tó bá gbé e padà lé yín.

Iye owó ìwòran

Nọ́ńbà díẹ̀ ni kí ẹ há sórí. Nínú 100, ìgbà tí ẹni tó ń retí yóò rí ohun tó ń retí ní káàdì kan tó kàn, àti ní méjì:

- flush, káàdì 9 ló lè gbè é: 19, tàbí 35
- straight tó lè wọlé láti orí tàbí láti ìdí, káàdì 8: 17, tàbí bí 31
- straight tó ku káàdì kan ní àárín, káàdì 4: 8 ààbọ̀, tàbí 16 ààbọ̀
- flush àti straight pọ̀, káàdì 15: 32, tàbí 54

Ní ìhà tiyín, ẹ pín iye tó fẹ́ san sí gbogbo owó tí yóò wà láàárín lẹ́yìn tó bá san án. Tí ẹ bá fi ìdá mẹ́ta owó àárín lélẹ̀, ó nílò 20 nínú 100 kí ó má bàa pàdánù. Ìdajì owó àárín, 25. Ìdá méjì nínú mẹ́ta, bí 29. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 30. Gbogbo owó àárín, 33.

Bí a bá wò ó lójú lásán, ìdajì owó àárín ti tó láti mú ẹni tó ń retí flush pàdánù: ó ní 19, ó nílò 25. Ṣùgbọ́n kò ka owó tó wà láàárín nìkan. Ó ń ka owó tó kù níwájú yín tó máa gbà tí flush rẹ̀ bá wọlé. Nítorí ìyẹn ni ìdajì kò fi tó lórí ilẹ̀ tó burú báyìí. Láti ìdá méjì nínú mẹ́ta dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó yẹ, tí ẹ bá jẹ́ méjì. Tí ẹ bá tó mẹ́rin lórí flop, ẹ sún mọ́ gbogbo owó àárín, nítorí pé káàdì tí ẹnìkan kò retí, ẹlòmíràn ń retí rẹ̀.

Ó tọ́ kí ẹ rántí ohun kan tí ń dín ìrètí rẹ̀ kù. Nínú ọkàn mẹ́sàn-án tó kù fún un, 7♥ á fún un ní flush, á sì fún yín ní full house lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà 8 ló kù fún un ní tòótọ́. Tí ó bá sì rí ọkàn ní turn, ẹ ṣì lè rí káàdì tó so ilẹ̀ ní ìbejì ní river. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń retí flush nìkan kò fi ní ju bí 25 nínú 100 lọ níwájú ìbẹta, kódà tó bá rí káàdì méjèèjì. Ẹni tó ń retí flush àti straight pọ̀ ní bí 40. Ẹni tó ti ní straight ná ṣì lè fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ fún yín bí ìgbà kan nínú mẹ́ta. Ìbẹta ní ibi tó lè sá padà sí. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó lágbára kò ní.

Ẹ jẹ́ ká ta á pẹ̀lú owó

Tábìlì $1/$2: blind kékeré $1, blind ńlá $2. Gbogbo ènìyàn ní $200. Ẹni àkọ́kọ́ gbé e sókè sí $8, ẹ san án láti ìjókòó ìkẹyìn, blind ńlá náà san, blind kékeré jù ú sílẹ̀. Owó àárín jẹ́ $25, $192 ló kù níwájú oníkálukú. Flop ni J♥ 8♥ 7♣. Blind ńlá kọjá, ẹni àkọ́kọ́ fi $15 lélẹ̀. Owó àárín di $40.

Ẹ gbé e sókè sí $50. Owó àárín ti di $90, $35 ni ẹni àkọ́kọ́ ní láti fi kún un. Iye yẹn jẹ́ 28 nínú 100, nígbà tí ẹni tó ń retí flush ní 19. Ó ń ra ọjà ní iye tó ju bó ṣe yẹ lọ. A-J, Q-Q àti A-A sì máa san án, nítorí pé ojú wọn kò tíì là sí ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ fi wé ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe, kí wọ́n gbé e sókè sí $30 “kí ó má bàa sá”. $15 péré ló fẹ́ san láti wá $70 tó wà láàárín. Ìyẹn jẹ́ bí 18 nínú 100. Ìyẹn ni pé iye tí ẹ dá lé e bá ìrètí rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, owó tó kù níwájú yín sì di èrè fún un. Gbígbé owó sókè díẹ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀ eléwu kò sàn púpọ̀ ju kí ẹ kọjá lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ kọjá, tí ọ̀rọ̀ sì kàn yín láìsí ẹni tó ti fi nǹkan lélẹ̀, ẹ fi $18 tàbí $20 lélẹ̀ sínú $25. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Tí ẹ bá mọ̀ dájú pé yóò fi owó lélẹ̀, ẹ kọjá kí ẹ sì gbé e sókè lé e lórí. Tí kò bá dájú, ẹ fi owó lélẹ̀ fúnra yín. Kí gbogbo tábìlì kọjá kí ọkàn kẹta sì já lulẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó burú ju kí gbogbo wọn sá kí ẹ kó $25 lọ.

Nípa fífi ọwọ́ pamọ́

Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n fi ọwọ́ tó lágbára pamọ́ máa ń tọ́ka sí ọwọ́ ìkẹyìn nínú ìdíje àgbáyé World Series of Poker ti ọdún 1988. Johnny Chan ní J pẹ̀lú 9, flop jẹ́ Q, 10 àti 8, straight rẹ̀ pé lójú ẹsẹ̀. Ó fi í pamọ́ títí dé river, Erik Seidel tó ní Q pẹ̀lú 7 sì kó gbogbo owó rẹ̀ lé e. Chan gba ife ẹ̀yẹ náà fún ìgbà kejì léraléra.

Ó ta á dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yàtọ̀: àwọn méjì péré ló kù lórí tábìlì, straight tó ní sì ni ọwọ́ tí kò sí èyí tó ju ú lọ lórí ilẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin ní ìbẹta, ẹ ju méjì lọ lórí flop, ọkàn méjì sì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá mú ọgbọ́n ilẹ̀ tirẹ̀ wá sórí ilẹ̀ yìí yóò máa fún àwọn aládùúgbò ní káàdì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ lè fi ìbẹta pamọ́ lórí K♠ 8♥ 2♦, níbi tí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń retí. Lórí J♥ 8♥ 7♣, rárá.

Turn: káàdì 47, ojú mẹ́ta

Lẹ́yìn flop, káàdì 47 ni ẹ kò tíì rí. 7 nínú wọn gbè yín: J mẹ́ta, 7 mẹ́ta àti 8 kan. 16 burú: ọkàn mẹ́wàá (7♥ ti wà lára àwọn tó gbè yín), pẹ̀lú 10 mẹ́ta àti 9 mẹ́ta tí kì í ṣe ọkàn. 24 kò yí nǹkan padà. Nítorí náà, ìgbà méjì nínú mẹ́ta ni turn kò ní pa yín lára. Ẹ rántí èyí nígbà tí ọkàn yín bá ń sáré.

Ẹni àkọ́kọ́ san $50 yẹn, blind ńlá sá. Owó àárín jẹ́ $125, $142 ló kù níwájú ẹ̀yin méjèèjì.

*Turn jẹ́ 2♠.* Ẹ tún fi owó lélẹ̀. $75 dára: ó nílò 27 nínú 100, ẹni tó ń retí flush kò sì ní ju bí 20 lọ báyìí, nítorí káàdì kan ló kù. Ṣùgbọ́n tí ẹni yẹn bá jẹ́ irú ẹni tí kò lè ju A-A sílẹ̀, tàbí tí ojú ń kán láti rí ọkàn rẹ̀, ẹ kó gbogbo $142 wọlé. Ìdí rẹ̀ rọrùn: ẹni tó ń retí yóò sanwó nígbà tí ìrètí ṣì wà. Ní river, tí ọkàn kò bá wá, kò ní san kọ́bọ̀.

*Turn jẹ́ 7♦.* Full house pé. Níbí ni ẹ ti lè rọra. Ẹ jẹ́ kí flush rẹ̀ wọlé, ẹ fi owó díẹ̀ lélẹ̀, bíi $40, tàbí kí ẹ tiẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ìbejì J àti ìbejì 7 nìkan ló ń borí yín, ìbejì 7 sì ku ọ̀nà 1 péré.

*Turn jẹ́ 3♥.* Ibí ni ọ̀pọ̀ owó ti ń sọnù, lọ́nà méjì tó lòdì síra. Àwọn kan rí ọkàn kẹta, wọ́n ju ìbẹta sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n kó gbogbo owó wọlé, flush nìkan ló sì san án.

Ẹ ka ohun tó kù fún yín. Káàdì 10 nínú 46 ló ń sọ yín di full house tàbí ìbẹrin: J mẹ́ta, 7 mẹ́ta, 3 mẹ́ta, 8 kan. Bí 22 nínú 100. Èyí túmọ̀ sí pé kódà tó bá ní flush, ẹ kò tíì kú.

Tí ó bá kọjá, ẹ fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta lélẹ̀, $42. A-J àti Q-Q ṣì máa san án, ẹni tó ní A♥ kan ṣoṣo náà máa san án, kò sì ní wo river lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ó bá wá kó gbogbo $142 rẹ̀ lé e, $100 lẹ ó fi kún un láti wá $309. Ẹ nílò 24 nínú 100. Níwájú flush tó dájú ẹ ní bí 22, ó ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn A♥ pẹ̀lú ìbejì ló fi ń ṣe é, nítorí náà ẹ san án.

Tí ó bá jẹ́ òun ló kó gbogbo $142 wọlé fúnra rẹ̀, iye náà ga sí i: ẹ nílò bí 35. Níwájú ẹni tó ní flush ẹ ní 22, níwájú ẹni tó ní A-A pẹ̀lú A♥ ẹ ní bí 77. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí i pé ẹ lè jù ú sílẹ̀ kìkì tó bá ní flush ní bí ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni jẹ́jẹ́ tí kò fi owó lélẹ̀ láti ìgbà tó ti jókòó, tó wá ṣàdédé kó gbogbo rẹ̀ wọlé bí ọkàn ṣe já lulẹ̀? Ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ má bínú. Ẹni tó ń fi gbogbo nǹkan halẹ̀? Ẹ san án.

*Turn jẹ́ 10♣.* Ẹnikẹ́ni tó bá ní 9 kan ti ní straight. Ó ń dẹ́rù bani lójú, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé 9 wo ni ẹni tó gbé owó sókè láti ìjókòó iwájú ń rù. Kò pọ̀: ìbejì 9, A-9 alámì kan náà, 10-9. Níwájú blind ńlá, ó pọ̀. Ẹ ta á bíi ti 3♥: kí iye kéré, kí ẹ má kọjá lásán níwájú ẹni tí kò ní 9 púpọ̀.

River

Tí ẹ bá ti fi $75 lélẹ̀ ní turn tó sì san án, owó àárín jẹ́ $275, $67 péré ló kù. Ọkàn wá, ó kó $67 yẹn lé e. Iye tí ẹ nílò jẹ́ bí 16 nínú 100, ìgbà kan nínú mẹ́fà. Ẹ san án. Owó àárín ti tóbi ju kí ìbẹta sá fún iye yẹn lọ. Tí ọkàn bá wá tó sì kọjá, ẹ̀yin náà ẹ kọjá. Ohun tó máa san $67 lórí ilẹ̀ yẹn kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹ borí. Tí káàdì tí kò ní ìtumọ̀ bá wá, ẹ kó $67 wọlé.

Gbogbo èyí rọrùn nítorí pé owó níwájú yín kò jìn. $192 sí owó àárín $25 kò tó ìlọ́po 8. Tí ẹ bá jókòó pẹ̀lú $1,000, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Ẹ ṣì máa gbé e sókè ní flop, ẹ ṣì máa fi owó lélẹ̀ ní turn; ṣùgbọ́n tí ọkàn kẹta bá wá, tí ẹ fi owó lélẹ̀, tó sì gbé e sókè sí ọgọ́rùn-ún mẹ́fà dọ́là, ìbẹta 8 kò yẹ fún owó bẹ́ẹ̀. Ní tábìlì owó kékeré, ẹni tó bá gbé e sókè gan-an ní river kì í sábà halẹ̀.

Ọwọ́ mìíràn tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Straight tó pé ní flop, bíi 10♠ 9♠ lórí J♥ 8♥ 7♣, ga ju ìbẹta lọ ṣùgbọ́n kò ní ibi ìsápadà. Tí ọkàn kẹta bá wá, kò sí káàdì tó lè gbà á lọ́wọ́ flush. Tí ilẹ̀ bá di ìbejì, kò sí ohun tó lè ṣe sí full house. Nítorí náà, straight ló yẹ kó dá iye tó ga jù lọ lé e ní flop, kó sì tètè kó owó wọlé.

Ìbejì méjì, bíi J pẹ̀lú 8, ní káàdì 4 péré tó lè sọ ọ́ di full house. Ẹ fi owó lélẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ tètè rọra tí turn bá burú.

A-A lórí ilẹ̀ yìí jẹ́ ìbejì kan ṣoṣo, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ẹ fi owó lélẹ̀ kí àwọn tó ń retí sanwó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e padà lé yín lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó lọ. Ó sàn díẹ̀ tí ọ̀kan nínú A yín bá jẹ́ A♥, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè máa retí flush tó ga jù.

Flush kékeré lórí ilẹ̀ alámì mẹ́ta, bíi 6♠ 5♠ lórí K♠ 9♠ 2♠, ń bẹ̀rù ♠ kẹrin. 8 ló kù nínú 47, 17 nínú 100 ní káàdì tó kàn. Ẹni tó bá ní A♠ kan ṣoṣo kò ní sá. Ẹ dá iye lé e lójú ẹsẹ̀. Tí ♠ kẹrin bá wá tí ẹlòmíràn sì fi owó ńlá lélẹ̀, ẹ jù ú sílẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ ìbẹta lẹ ní lórí ilẹ̀ alámì mẹ́ta, bíi 8-8 lórí J♥ 8♥ 7♥, ẹ dín iye kù sí ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì. Ẹni tó ní ọkàn kan ṣoṣo yóò san án, ẹni tí kò ní ọkàn rárá yóò sá fún iye tó ga, flush nìkan ló sì máa kù láti bá yín ta.

Ohun tí kò hàn lójú ẹsẹ̀

Tí ẹ bá ń gbé e sókè sí $50 kìkì nígbà tí ẹ bá ní ìbẹta, tábìlì yóò mọ̀ láàárín wákàtí méjì. Ẹ máa fi iye kan náà ta díẹ̀ lára ọwọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín ń retí, A♥ K♥ tàbí Q♥ 10♥. Àwọn náà ní ìrètí tó pọ̀ tí wọ́n bá san án, wọ́n sì ń bo ìbẹta yín mọ́lẹ̀.

Láti kọ́ ọ, ẹ mú páàkì káàdì kan. Ẹ kó 8♠ 8♦ sí ọwọ́, J♥ 8♥ 7♣ sílẹ̀, ẹ po 47 tó kù pọ̀. Ẹ kọ $125 àti $142 sórí ìwé. Ẹ máa ṣí káàdì kan lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bíi turn, kí ẹ sì sọ sókè, kí ẹ tó ṣí èyí tó kàn: ó gbè mí ni, ó burú ni, àbí kò yí nǹkan padà, èló ni mo ń fi lélẹ̀, èló ni mo nílò tó bá kó gbogbo rẹ̀ lé mi. Nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo 47 tán láìwo ìwé, ẹ yí flop padà sí Q♠ 10♠ 9♦ pẹ̀lú ìbejì 9, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ìbẹ̀rẹ̀.